Aláìsàn Tó Sáré Kìlómítà Méjìlélógójì

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àìsàn burú. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àìsàn tó ti lọ, tí a kò tíì jẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ó ti lọ, ó dùn ju oyin. Múítì tó ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sì ní kí a kọ ìtàn òun síbí, kí ẹlòmíràn má baà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí ojú ti ti òun.

Ọdún tó kọjá ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun lu ìfun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fà sí i lára, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, tí kò sì ní mọ̀ láéláé. Oṣù méjì gbáko ló fi wà lórí ibùsùn, tí Àwẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ sì ń sùn sórí ẹní nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbogbo èyí kì í ṣe irọ́. Irọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni Dókítà Modeste tẹ ikùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó wo àwọn ìwé àyẹ̀wò, tó sì bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

“Múítì, mo ti parí pẹ̀lú rẹ. Ara rẹ ti yá.”

“Ó yá báwo, Dókítà?”

“Bí ara gbogbo ènìyàn ṣe ń yá. Jẹ ohun tó wù ọ́. Gbé ohun tó bá wù ọ́. Bí o bá fẹ́ sáré, sáré. Má padà wá síbí mọ́ àfi bí o bá fẹ́ wá kí mi.”

Múítì dúpẹ́, ó jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá orin kọ lọ́nà. Ó ti ń ro bí òun yóò ṣe pe Àwẹ̀ní láti ẹnu ọ̀nà, tí àwọn ará ilé yóò sì sáré jáde.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé, ó bá omi gbígbóná tí wọ́n ti gbé sí balùwẹ̀ dè é. Ó bá ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹja inú adágún Nangbéto, tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bá ìrọ̀rí mẹ́ta lórí àga rẹ̀. Àwẹ̀ní gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ẹyin.

“Bàbá Ọmọ́yẹmí, kí ni Dókítà wí?”

Múítì wo ẹja náà. Ó wo àwọn ìrọ̀rí náà.

“Ó ní kí a ṣì máa rọra,” ni ó wí.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé, ó sì jókòó.

Ẹ má rò pé ìyà jẹ Múítì láti ọjọ́ náà lọ. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bá ń gbá ojú gọ́tà ọjà, wọn yóò ní, “Ẹ fi Múítì sílẹ̀ kó jókòó.” Yóò jókòó, yóò sì máa fi ìka júwe ibi tí wọn kò gbá dáadáa. Bí òkú bá kú, kò sí ẹni tó ń pè é láti wá gbẹ́ ilẹ̀. Àna rẹ̀ obìnrin tó máa ń bá a wíjọ́ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń fi oyin ránṣẹ́.

“Mo wá mọ bí a ṣe ń kérora lóríṣi mẹ́ta,” ni ó máa ń sọ nísinsìnyí. “Ọ̀kan fún àlejò, ọ̀kan fún Àwẹ̀ní, ọ̀kan fún ìgbà tí ọbẹ̀ bá pẹ́ lórí iná.”

Oṣù kan kọjá báyìí. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, Ọmọ́yẹmí, àkọ́bí wọn tó wà nílé ọkọ ní Notsé, bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ta ni kò mọ ohun tó kàn? Ìyá ìyá ọmọ ni yóò lọ. Ogójì ọjọ́ ni yóò fi wẹ ọmọ tuntun, tí yóò fi òrí ra á lára, tí yóò nà án lẹ́sẹ̀ nà án lọ́wọ́, tí yóò sì fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ títí ara rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà tí oyún náà ti pé oṣù méje ni Àwẹ̀ní ti di ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn titun àti igbá òrí sínú àpò kan lábẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, ó fa àpò náà jáde. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ọmọ́yẹmí, ẹ̀yin ni mò ń wò. Bí ara yín bá gbà á, mo fẹ́ lọ. Bí kò bá gbà á, ẹ sọ, n kò ní bínú.”

“Máa lọ,” ni Múítì wí. Ó sì gbé ọwọ́ lé ikùn.

Ẹnu rẹ̀ ní kí obìnrin náà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ kò purọ́ nítorí pé ẹnu yín kò sọ ọ́, ẹ fi etí sí èyí. Irọ́ tí a fi ọwọ́ pa, irọ́ ni.

Àwẹ̀ní wo ọwọ́ náà títí. Ó dìde, ó ti àpò padà sábẹ́ ibùsùn. Láti inú yàrá ni Múítì ti ń gbọ́ bó ṣe ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Ọmọ mi, foríjì mí. Bàbá rẹ ni. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀.”

Ó ń gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ.

“Mo mọ̀. Mo mọ̀, Ọmọ́yẹmí. Má sunkún mọ́, kí wàrà má baà gbẹ. Ta ni yóò bá ọ wẹ̀ ẹ́? Justine tó wà nílé kejì? Ó bímọ rí? Ó dára. Sọ fún un pé kó má fi omi tútù kàn án níwájú orí.”

Múítì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìrọ̀rí mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ dìde. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Ẹsẹ̀ tó yá ṣáṣá.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni oṣù ààwẹ̀ wọlé. Ààfáà Sírájúdéènì, tó ń ṣe wáàsí fún àwa oníṣòwò Yorùbá tó wà níbí, wá sílé wá bẹ̀ ẹ́ wò.

“Múítì, Ràmàdáánì dé o. Báwo ni ti ara?”

“Ààfáà, ìfun mi.”

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn aláìsàn. Bí ara bá yá, wàá san án padà.”

Ìdáhùn tó yẹ níbẹ̀ ni ‘Ààmín’. Ṣùgbọ́n ó rò ó wò pé ọgbọ̀n ọjọ́ ní ìgbà mìíràn, òun nìkan, nígbà tí gbogbo ayé ń jẹun, yóò tún le ju èyí lọ.

“Ààfáà, irú ìfun yìí, n kò rò pé ó lè gba ààwẹ̀ mọ́ láyé.”

Ààfáà mi orí, omi sì lé ròrò sí i lójú. “Nígbà náà, máa bọ́ aláìní kan lóòjọ́. Ọlọ́run yóò gbà á bẹ́ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ní ṣe ń gbààwẹ̀, tó sì ń dúró ti iná lọ́sàn-án gangan, ètè rẹ̀ gbẹ, tó ń gún iyán tí gbogbo Togo ń pè ní fùfú fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko. Ti aláìní ń bẹ lápá kan, ti Múítì ń bẹ lápá kejì. Kò lè tọ́ ọbẹ̀ wò nítorí ààwẹ̀. Yóò ní, “Ẹ wò ó bóyá iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n.”

Lọ́jọ́ kan, Múítì ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́,” ni ó máa ń wí bó bá ń sọ ọ́, “ẹ bú mí lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọjọ́ iyọ̀. Ènìyàn jẹ ààwẹ̀, ó tún ń ráhùn iyọ̀.”

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, Léonie wá bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Léonie. Òun ló tọ́jú ojú ọgbẹ́ Múítì nígbà tó wà lórí ibùsùn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

“Múítì, àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin lo gbà.”

“N kò gbàgbé, Léonie.”

“Ẹ̀jẹ̀ ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Fíríìjì tí a ń kó o sí ti gbó. Àwa tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ fẹ́ sáré láti fi ra òmíràn: kìlómítà méjìlélógójì, láti ìhín lọ kọjá Datcha, kí a sì padà. Àwọn ènìyàn yóò dáwó lórí gbogbo ẹni tó bá sáré. A fẹ́ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ náà gbà là wà nínú wa.”

“Èmi? Sáré? Pẹ̀lú ikùn yìí?”

“Dókítà sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe ikùn yẹn.” Ó ń tú ìwé ńlá kan tó dì lọ́wọ́. “Àwòrán rẹ ni a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri ìlú.”

“Àwòrán mi?”

“Bó ti tóbi tó báyìí.”

Múítì wo ìwé náà. Ó ti rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Kí a sọ òtítọ́, kì í ṣe àwòrán nìkan. Láàárín òru, nígbà mìíràn, ó máa ń ronú ẹ̀jẹ̀ àjèjì mẹ́rin tó ń ṣàn nínú rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun yóò kí. Ìmoore wà níbẹ̀. Ìgbéraga ló kàn fún un ní bàtà.

Nílé, ó wá gbé e kalẹ̀ báyìí: “Wọ́n ní kí n wá rìn díẹ̀ fún wọn, kí ayé lè rí mi. Bó bá rẹ̀ mí, ọkọ̀ wà lẹ́yìn.”

“Rírìn nínú oòrùn?” ni Àwẹ̀ní wí. “Màá tẹ̀lé yín lọ síbẹ̀. Màá fi ògì gbígbóná sí fílásíìkì.”

Bí ó ṣe di ẹni tó ń sáré ní ìkọ̀kọ̀ nìyẹn. Antoine ló ń kọ́ ọ. Ọmọ Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Togo níhìn-ín ni Antoine, olùkọ́ ni, kìlómítà mẹ́wàá kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, Múítì yóò ní Dókítà ní kí òun máa gba afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Yóò di ìbàdí mú, yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ títí yóò fi yà níbi ògiri ilé ńlá kan. Bó bá ti yà tán, yóò tú ìbàdí sílẹ̀, yóò ki eré mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà Datcha. Bó bá ń bọ̀, ibi ògiri náà ni ẹsẹ̀ yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

“Fofo,” ni Antoine bi í lọ́jọ́ kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ní èdè Ewé, “kí ló dé tí ẹ máa ń tiro tí a bá dé ibí?”

“Iṣan ni.”

“Níbì kan náà lójoojúmọ́?”

“Iṣan náà mọ ilé.”

Antoine rẹ́rìn-ín, kò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń bẹ lọ́nà. Ọlọ́kadà kan, tí àwa ń pè ní zẹ́mì, dá Àwẹ̀ní dúró ní ọjà.

“Ìyá, mo rí ọkọ yín ní Datcha láàárọ̀. Eré ló ń sá bí ẹni tí ajá ń lé.”

Àwẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Kì í ṣe ọkọ tèmi. Ọkọ tèmi, bó bá gbé ife omi, ó ń mí.”

Ó sọ ọ́ fún Múítì nídìí oúnjẹ. Múítì náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ṣe, ẹ̀rín ọjọ́ náà ló ń dun òun jù.

Ó wá ku ìwé. Àwọn tó ṣètò eré náà ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà wá. Dókítà Modeste kọ ọ́ ní ìlà mẹ́fà, ní èdè Faransé. Múítì mú un fún Léonie, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àwẹ̀ní kò gbọ́ Faransé. Ta ni yóò tilẹ̀ tún ka ìwé tó ti wọ inú fáìlì?

Ohun tó gbàgbé ni ìlú tó ń gbé.

Ní Atakpamé, ọ̀rọ̀ gbangba kì í jáde lẹ́ẹ̀kan kó tán. Faransé á kọ́kọ́ gbé e. Ewé á gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ifẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ Ewé. Bí àwọn oníṣòwò bá pọ̀ níbẹ̀, Yorùbá ni yóò gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́ràn ìbá fẹ́ kó yára kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò kọjá lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún ni eré náà. Kí oòrùn tó yọ, pápá ti kún. Àwọn oníṣòwò wa jókòó lápá òsì, Àwẹ̀ní sì wà níwájú pátápátá, fílásíìkì lórí itan. Múítì wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ funfun tí nọ́ńbà wà láyà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kí àwọn ènìyàn.

Léonie gba makirofóònù, ó pè é jáde. Ó ní kí gbogbo ayé wo ohun tí àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin lè ṣe. Ó ní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹnu lásán ni. Ó sì fa ìwé Dókítà Modeste yọ nínú fáìlì.

Múítì ní òógùn ti bò òun kí òun tó sá ìṣísẹ̀ kan.

Léonie kà á ní Faransé. Àwẹ̀ní ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Múítì mí kanlẹ̀.

Jules, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, tún un sọ ní Ewé. Ewé ọjà ni Àwẹ̀ní gbọ́: ti kí a dá iye, ti kí a ka ọjọ́ tí ọjà yóò dé. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dúró.

Antoine gbà á, ó sọ ọ́ ní Ifẹ̀. Ifẹ̀ àti Yorùbá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ yóò gbọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwẹ̀ní fi etí sílẹ̀. Ẹ̀rín lọ.

Wọ́n wá gbé makirofóònù fún Ààfáà Sírájúdéènì kó sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wa. Inú Ààfáà dùn, kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí àwọn tó ṣáájú. Ìwé kékeré tí Antoine kọ lé e lọ́wọ́ ló ń wò.

“Ẹ̀yin èèyàn wa, Dókítà ní bí òkú ni wọ́n ṣe gbé Múítì wọlé, ó ku díẹ̀ kó kú. Ó ní Ọlọ́run fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn gbà á là. Ó ní ara rẹ̀ ti yá pátápátá, kò sí iṣẹ́ tí ara pípé ń ṣe tí kò lè ṣe, láti ...”

Ó yíjú sí Antoine. Ó gbàgbé pé makirofóònù ṣì wà lẹ́nu òun.

“Oṣù wo lo kọ síbí?”

“Oṣù kìn-ín-ní, Ààfáà. Ọjọ́ kejìlá.”

“Ti ọdún yìí?”

“Ti ọdún yìí.”

Gbogbo pápá ń gbọ́ bí Ààfáà ṣe ń fi ìka ka oṣù. Rẹ́jẹ́bù. Ṣáábánù. Ràmàdáánì. Ó gbójú sókè, ó wo Múítì, kò sì pariwo.

“Láti ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní. Èyí ni pé, kí ààwẹ̀ tó dé.”

Ẹnì kan láàárín àwọn oníṣòwò bi í láti ẹ̀yìn, “Múítì tó ń jẹ fùfú lọ́sàn-án náà ni?”

Ẹ̀rín bú. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá bi àwọn tó gbọ́ ọ; wọ́n tún un sọ ní Ifẹ̀, wọ́n tún un sọ ní Ewé, ó sì dé etí Léonie ní Faransé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Múítì di ẹlẹ́yà láìkúrò lójú kan.

Àwẹ̀ní kò rẹ́rìn-ín. Oṣù tirẹ̀ ló ń kà. Ó dìde, ó rìn wá bá a, ó gbé fílásíìkì kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ṣé ẹ ti mọ̀ kí ọmọ tó dáyé?”

“Àwẹ̀ní, jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Mo bi yín ni.”

“Mo ti mọ̀.”

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gba ìdáhùn lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó yípadà, ó gba àárín èrò jáde. Múítì fẹ́ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n wọ́n fun fèrè, igba ènìyàn sì ti í láti ẹ̀yìn. Ó ní títí di òní òun kò mọ̀ bóyá fíríìjì ni òun sáré fún tàbí àwọn oníṣòwò ni òun sá fún.

Ìròyìn gun zẹ́mì, ó ṣáájú rẹ̀ dé Datcha. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

“Aláìsàn, ẹ kú ìrọ́jú o.”

“Bàbá, ẹ rọra, ìfun.”

“Ṣé ẹ ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán? Àkókò ń lọ o.”

Kò lè bínú. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tí wọ́n ti ń padà, ọkọ̀ akérò kan tó ń lọ sí Notsé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ dẹ eré nítorí àwọn tó ń sáré. Ní ojú fèrèsé, àpò ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti òrí lórí itan, Àwẹ̀ní ni.

Ọkọ̀ àti ọkọ bá ara wọn rìn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Múítì ń mí bí ẹwìrì.

“Àwẹ̀ní, dúró dè mí. Màá bá ọ lọ. Màá fúnra mi bẹ Ọmọ́yẹmí.”

Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

“Múítì,” ni ó wí, “máa sáré rẹ lọ. Ara rẹ ti yá.”

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ti fẹ́ra, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà já lọ.

Ó dé ibi tí wọ́n ti ń padà, ó yí. Oòrùn ti gun orí. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, iṣan dì í lẹ́sẹ̀, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọkọ̀ àwọn olùtọ́jú dúró. Léonie ṣí ilẹ̀kùn.

“Wọlé, Múítì. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò bú ọ?”

Àga inú ọkọ̀ náà rọ̀, ó sì wà lábẹ́ òjìji. Ọwọ́ Múítì gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ sí ikùn. Ó rí i bó ṣe ń lọ. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ olè nínú àpò ara rẹ̀. Ó mú un kúrò níbẹ̀.

“Ara mi yá, Léonie. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ń dun gbogbo ènìyàn.”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Láti ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní.”

Léonie gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣe é ṣe.

Ìrun àlàásárì ti kọjá nígbà tó wọ́ ara rẹ̀ gun òkè tó wọ Atakpamé. Wọ́n ti ń kó àga lórí pápá. Ẹni méjì péré ló kù: Antoine tó mú omi dání, àti Ààfáà Sírájúdéènì tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Ọgbọ̀n ọjọ́,” ni Ààfáà wí. “Ọ̀la ni wàá bẹ̀rẹ̀.”

“Ààfáà, ẹ wo ẹsẹ̀ mi.”

“Ẹnu la fi ń gbààwẹ̀.”

Antoine yíjú sápá kan. Ààfáà dìde, ó sì fi ọwọ́ lé e léjìká. “Èmi náà ni mo fi ẹnu mi sọ pé Ọlọ́run yóò gbà á bẹ́ẹ̀. O sọ mí di ẹlẹ́rìí èké, Múítì. Bó o bá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, má gbàgbé tèmi.”

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òun nìkan ló ń dìde jẹ sààrì, òun nìkan ló ń dáná, ọbẹ̀ rẹ̀ sì máa ń níyọ̀ jù. Lọ́jọ́ kẹjọ ó wọ ọkọ̀ lọ sí Notsé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ náà dá a dúró.

Ọmọ́yẹmí kò pariwo mọ́ ọn.

“Bàbá, ẹ dìde. Mo ti foríjì yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ yìí. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Bí Justine bá wọlé, á nawọ́ sí i. Bí Màmá bá gbé e, á máa ké.”

Lóòótọ́ ni. Àwẹ̀ní jókòó sórí àpótí, ọmọ ń ké lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi kànìnkànìn titun wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i. Kò gbójú sókè.

“Nígbà wo lo máa padà sílé?” ni Múítì bi í.

“Ogójì ọjọ́ mi kò tíì pé.”

Ó lo ogójì ọjọ́ náà tán. Nígbà tó fi máa tán, ọmọ ti mọ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ọmọ tuntun padà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀bẹ̀ kò lè rà padà, bó ti wù kí a dọ̀bálẹ̀ tó.

Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ náà ti dé, ó ń ṣiṣẹ́. Àwòrán Múítì ṣì wà lára ògiri níbì kan tàbí méjì. Ẹnì kan ti fi ẹfun kọ ‘Ẹ máa rọra’ sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti wòsàn, ẹ gbọ́. Nígbà tí ẹ wà nílẹ̀, ẹnì kan gbé yín rù. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá ti múlẹ̀, ẹ sọ fún un kíá, kó lè sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè rìn, tó ṣì ń jókòó sórí ẹ̀yìn ẹlòmíràn, olè ni, bí kò tilẹ̀ mú nǹkan kan.

Àwẹ̀ní ti padà sílé. Ó ń se ẹja, ó ń fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ibà mú Múítì, ibà gidi, tó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ méjì. Ó ní, “Àwẹ̀ní, ara mi kò yá.”

Àwẹ̀ní ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ohun tí a fi ń wọn ibà, ó fi há a lábíyá, ó sì jókòó sétí ibùsùn, ó ń dúró kó ka ohun tó wà níbẹ̀.